Ẹ̀jẹ̀ Tó Ń Jẹun Nínú Ìgò

Èmi ni mo dá òfin náà sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíì má baà gba ògo rẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Nínú ìjọ wa, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba máìkì láti jẹ́rìí pé Ọlọ́run wo òun sàn àfi tó bá mú ìwé àyẹ̀wò méjì dání: ọ̀kan tó fi hàn pé àìsàn náà wà, ọ̀kan tó fi hàn pé ó ti lọ. Búrọ̀dá Wáyà, tó ń bójú tó kọ̀mpútà àti ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri, ni yóò ya ìwé méjèèjì, tí yóò sì gbé wọn síwájú gbogbo wa, kí àwọn tó gbàgbé awò ojú wọn sílé náà lè rí iṣẹ́ ìyanu kà.

Kí òfin yìí tó dé, ojú wa ti rí nǹkan. Bàbá kan jẹ́rìí pé ihò tó wà nínú ọkàn òun ti dí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí dókítà kankan tó wo ọkàn náà rí. Òun fúnra rẹ̀ ló gbúròó ihò. Ìyá kan jẹ́rìí ẹ̀ẹ̀mẹta lórí eyín kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ìjẹ́rìí kẹta, ó fọwọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́ sọ̀kalẹ̀. A pàtẹ́wọ́ fún un lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí ìjọ tó mọ̀wà hù ni wá.

Ẹ wá wo irú èmi láàárín wọn. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nílé àyẹ̀wò, tí mo ń wo ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ àwọn ènìyàn. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn tètè gba nǹkan gbọ́. Ọkùnrin kan mú ìtọ̀ wá rí fún àyẹ̀wò tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní kó ṣe. Akẹ́gbẹ́ mi kan ṣèèṣì ki ọ̀pá àyẹ̀wò oyún bọ inú rẹ̀, ọkùnrin náà sì lóyún. Ìyàwó rẹ̀ ló bá a tọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ohun tí ènìyàn bá gbé wá fún ọ nínú ìgò, kọ́kọ́ bi í pé ta ló ni ín.

Nígbà tí mo gbé òfin náà wá sí ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ, àwọn kan fajú ro, wọ́n ní mo fẹ́ wọ́ ìgbàgbọ́ lọ sí kóòtù. Mo ní ṣebí Jésù fúnra rẹ̀ ló ní kí àwọn adẹ́tẹ̀ tó wò sàn lọ fi ara wọn han àlùfáà. Kí wá ni àlùfáà ìgbà náà bí kò bá ṣe ilé àyẹ̀wò? Mo jókòó, mo gbá yẹ̀rì mi jọ, inú mi dùn sí ara mi gan-an.

Pásítọ̀ wa nìkan ló rẹ́rìn-ín. Atúnfíríìjì-ṣe ni fún ogún ọdún kó tó gba ìpè, títí di òní ni kì í sì í lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń kùn láìdúró tẹ́tí sí i. Ó ní, "Ọmọ mi, ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìwé yẹn ńkọ́? Ta ló ń yẹ òun náà wò?"

Mo ní, "Àwa náà ni, Bàbá."

Bí mo ṣe pe "àwa" yẹn, ẹ ó rò pé ọ̀run la ti rán wa wá. Báyìí ni wọ́n ṣe sọ mí di alága ìgbìmọ̀ ìjẹ́rìí, tí gbogbo ìjọ sì ń pè mí ní Màdáámù Ẹ̀rí. Mo ṣe bí ẹni tí orúkọ náà kò dùn mọ́ nínú.

Ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ mi. Aránṣọ ni, ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sì wà lójú fèrèsé pálọ̀ mi, níbi tí mo ti fẹ́ gbé àga ìrọ̀gbọ̀kú sí. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí àtọ̀gbẹ ti ń bá a fà á. Àpótí oògùn rẹ̀ ní yàrá méje, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ kan. Láràárọ̀, á di hóró oògùn mọ́wọ́, á dijú, á ní, "Olúwa, wò mí sàn. Bí o kò bá tíì fẹ́ wò mí sàn, jẹ́ kí èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí ṣiṣẹ́." Lẹ́yìn náà ni á gbé e mì.

Mo sọ fún un pé àdúrà ẹsẹ̀ kan ilé ẹsẹ̀ kan òde ni. Ó ní, "Ọlọ́run ò tíì bá mi jà sí i. Èwo ni tìẹ?"

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tó ń dùn ún. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta la máa ń ṣe Sọ́ńdè ìdúpẹ́, gbogbo ìdúpẹ́ ọdún mẹ́sàn-án yẹn ni ìyá mi sì ti pàtẹ́wọ́ fún: oyún àwọn ẹlòmíì, ẹ̀yìn ríro àwọn ẹlòmíì, àní eyín yẹn náà. Kò rí tirẹ̀ sọ. Tá a bá délé, á jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀ láìran nǹkan kan, á kàn máa fọwọ́ nu ún. Kò sọ fún mi rí, mo kàn mọ̀ ni. Ọmọ rẹ̀ ni mí.

Fúráìdè tó ṣáájú ìdúpẹ́ kan, mo gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nílé láago méje àárọ̀, kó tó fẹnu kan nǹkan, kó má baà lọ tò lórí ìlà. Ẹ̀jẹ̀ ààwẹ̀ là ń pe irú rẹ̀. Dókítà ti kìlọ̀ fún ìyá mi kó má bá ìjọ gbààwẹ̀ mọ́, nítorí náà ó máa ń ka ààwẹ̀ àyẹ̀wò mọ́ tirẹ̀. Ó ní áńgẹ́lì tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ kì í béèrè ìdí. Ìgò kékeré tí ìdérí rẹ̀ ní àwọ̀ eérú ló yẹ kéèyàn fi gba ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ yẹ ṣúgà inú rẹ̀ wò, nítorí oògùn kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó ń mú kí ṣúgà náà dúró bó ṣe wà. Ìgò olórí pupa, tí kò ní oògùn kankan nínú, nìkan ló kù nílé. Mo ní kò burú, láàárín wákàtí kan mo ti dé ibi iṣẹ́. Mo dé e, mo jù ú sínú báàgì mi.

Mo dé ibi iṣẹ́ lóòótọ́. Bí mo ṣe ń gbé báàgì mi sórí fèrèsé ni fóònù dún. Ìgbìmọ̀ ìjẹ́rìí ni. Ènìyàn mẹ́fà ló fẹ́ jẹ́rìí, ìwé wọn sì ti dé orí fóònù mi. Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ alága láàárín iṣẹ́ oṣù. Mo rí ìwé kan tí déètì rẹ̀ kò bára mu, mo dá a padà. Mo rí òmíràn tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ sí, mo ní kí wọ́n lọ bi ilé àyẹ̀wò tó ṣe é bóyá ojú ara wọn ń tì wọ́n ni. Àwọn aláìsàn náà ń wọlé, wọ́n ń jáde. Báàgì mi wà lójú fèrèsé, oòrùn ń pa á. Ẹ̀jẹ̀ ìyá mi wà nínú rẹ̀.

Aago méjì ọ̀sán ni mo tó rántí. Mo ki ẹ̀jẹ̀ náà bọ ẹ̀rọ, mo dúró. Nọ́ńbà tó jáde ni mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún, nọ́ńbà ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ.

Ọdún mẹ́sàn-án, nọ́ńbà náà kò bọ́ sísàlẹ̀ àádọ́jọ rí. Ká ní ẹ̀jẹ̀ ẹni tí n kò mọ̀ ni, mo mọ gbogbo ohun tí ǹ bá ṣe. Mo máa béèrè pé aago mélòó ni wọ́n gbà á. Mo máa wo orí ìgò. Mo máa tún un ṣe, mo tún máa pariwo mọ́ ẹni tó gbé e wá. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Mo jókòó sórí àpótí ìbọ̀wọ́, mo ń sunkún, èmi Màdáámù Ẹ̀rí, mo ń sọ pé "Jésù, ẹ ṣé, Jésù, ẹ ṣé," tí akẹ́gbẹ́ mi fi wá bi mí bóyá wọ́n ti gbé wa ga lẹ́nu iṣẹ́. Níbi tí wọ́n ní ká kọ aago tí a gba ẹ̀jẹ̀ sí, mo kọ méjì kọjá. Aago tí mo yọ ọ́ nínú báàgì ni mo rò. Mo tẹ ìwé náà jáde, mo lù ú ní òǹtẹ̀, mo sì fọwọ́ sí i ní ìfọwọ́sí ńlá tí mo máa ń lò nígbà tí inú mi bá dùn.

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, Búrọ̀dá Wáyà gbé ìwé àtijọ́ ìyá mi sára ògiri, ó sì gbé tuntun náà tẹ̀ lé e. Ó ga ju Pásítọ̀ lọ ní ìlọ́po méjì. Ìyá mi wọ aṣọ tó fi gbogbo ọjọ́ Sátidé rán fún ara rẹ̀, ó di máìkì mú bí ẹni di àlùmọ́gàjí mú, ó ní, "Ẹ ti mọ̀ mí. Èmi ni mo máa ń pàtẹ́wọ́ fún yín. Lónìí, ẹ bá mi pa tèmi." Ìjọ dìde. Bàbá tó nihò lọ́kàn ń fò sókè, ọkàn náà sì gbà á. Mo wo ògiri, mo rí orúkọ mi ní gàdàgbà, mo ní báyìí ni ó ṣe yẹ kí ìgbàgbọ́ rí: ó mọ́, ó ní déètì, ó ní òǹtẹ̀.

Láti ọjọ́ kejì ni ìyá mi kò ti mu oògùn mọ́. Ó da àwọn tó kù dà nù, ó sì kó bọ́tìnnì sínú àpótí náà, àwọ̀ méje fún yàrá méje. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ fi han dókítà." Ó ní dókítà kò sá lọ. Mo ní ó dáa, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dé, ó kọjá. Kí n má parọ́, n kò fẹ́ lọ. Ẹni tó bá ń lá àlá tó dùn kì í fọwọ́ ara rẹ̀ jí ara rẹ̀.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ìyá mi ń mu omi bí ẹni tó ń pọn ọ́n sínú ìkòkò tó jò. Ó ń rù. Àwọn ará ìjọ ní, "Ẹ wò ó bí ara Màmá ṣe fúyẹ́, oore-ọ̀fẹ́ ni," òun náà sì fa ìbàdí aṣọ rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mejì, ó ń rẹ́rìn-ín. Ojú mi yìí, tó ń rí ẹyin aràn nínú ìgbẹ́, ń bá a gbé inú ilé kan náà, kò rí nǹkan kan.

Sátidé kan, ọ̀gá wa ní kí n dá àwọn òṣìṣẹ́ tuntun mẹ́rin lẹ́kọ̀ọ́ lórí bí a ṣe ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn nìyẹn; ó fún mi láyè láti fi ẹnu gún ènìyàn láìdẹ́ṣẹ̀. Mo ní, "Ẹ tẹ́tí o. Ẹ̀jẹ̀ ò mọ̀ pé òun ti kúrò lára ènìyàn. Ẹ fi sínú ìgò, ẹ dé e pa, ó ṣì ń jẹun. Kí ló ń jẹ? Ṣúgà tó bá wà níbẹ̀. Wákàtí kan, ó ti bù díẹ̀. Ẹ wá jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà, méje, pàápàá níbi tó gbóná, ẹ máa fọwọ́ ara yín sọ aláìsàn di ẹni tára rẹ̀ le. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi gbọdọ̀ lo olórí pupa tẹ́ ò bá ní tètè yẹ̀ ẹ́ wò."

Wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo mú ìgò olórí pupa kan sókè kí wọ́n lè rí i. Ọwọ́ mi kò sọ̀kalẹ̀ mọ́.

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ṣé kò sí nǹkan, Mà?" Mo ní kó sí nǹkan kẹ̀? Mo ní kí wọ́n máa ka ìwé ọwọ́ wọn. Mo bọ́ aṣọ iṣẹ́, mo jáde, n kò mọ ọkọ̀ tí mo wọ̀ délé.

Mo bá ìyá mi lẹ́nu iṣẹ́, ife omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní kó fún mi níka. Ó fún mi láìwo ojú mi, ó ń bá ọkùnrin tó ń polówó ẹja lórí rédíò fọ̀rọ̀ wérọ̀ bí ẹni pé ọkùnrin náà lè gbọ́. Ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń wọn ṣúgà nílé rò ó díẹ̀, ó sì mú nọ́ńbà tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún jáde. Mo nu ìka náà dáadáa, mo tún un ṣe. Bákan náà ni.

Ó yẹ kí n sọ òótọ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni: èmi ni mo ṣàṣìṣe. Ohun tí mo sọ ni pé, "Màmá, ṣúgà yẹn ti padà wá."

Ó dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. "Kí ló padà wá?"

"Ṣúgà. Ẹ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn yín lónìí. Ká tètè lọ rí dókítà."

"Ohun tí Ọlọ́run lé lọ, ta ló ní kó padà?" Ó yọ awò ojú rẹ̀. "Idán ọ̀tá lásán ni. A máa gbàdúrà sí i."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, oògùn—"

"Oògùn kí ni? Ohun tí mo dúró níwájú gbogbo ìjọ pé ó ti lọ, kí n wá máa yọ́ oògùn rẹ̀ mu nínú ilé? Kí n sọ Ọlọ́run di òpùrọ́ ní àádọ́rin ọdún ó lé méjì? Kì í ṣe èmi."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ṣí fídíò dókítà kan fún un lórí fóònù. Mo sọ̀rọ̀ nípa kídìnrín, mo sọ̀rọ̀ nípa ojú, mo sọ̀rọ̀ nípa ẹsẹ̀ tí wọ́n ń gé. Ó ní ojú òun ń ríran, ẹsẹ̀ òun ló wà lórí ẹ̀rọ yìí. Ó padà sí aṣọ tó ń rán. Ìyá mi lè kú sórí ìjẹ́rìí yẹn, tayọ̀tayọ̀, èmi ni mo sì tẹ̀ ẹ́ jáde.

Nígbà tí ìmọ̀ mi pin, ẹ mọ ibi tí mo sá lọ? Ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bá Pásítọ̀ lẹ́yìn ilé, ó ti tú fáànù kan palẹ̀, epo wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgbúnwọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti ìgò olórí pupa dórí báàgì tí oòrùn pa. Ó gbọ́ mi tán láìjá ọ̀rọ̀ gbà.

Mo ní, "Bàbá, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Màmá mi á gbọ́ tiyín. Ẹ kàn sọ fún wọn pé Ọlọ́run fi hàn yín pé kí wọ́n padà sídìí oògùn."

Ó ní, "Ṣé Ọlọ́run fi hàn mí ni?"

"Rárá, Bàbá. Àmọ́ òótọ́ ni."

"Ìwé rẹ̀ dà?"

Ẹ̀rín ló ń pa á, mo rí i, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ, o wá ní kí n rí ìran èké nítorí àyẹ̀wò èké. Tá a bá ti tò wọ́n léra báyìí, ibo la fẹ́ dúró? Tí mo bá fi wáyà tó ti jóná di wáyà tó ti jóná, ilé oníbàárà mi á jó. Iwájú ìjọ la ti sọ èyí, iwájú ìjọ la ti máa tún un sọ. Ṣùgbọ́n ìyá ẹ ni kó kọ́kọ́ gbọ́. Lónìí. Kó má jókòó láàárín èrò kó tó gbọ́ ọ."

Mo padà sílé pẹ̀lú èrò gidi. Mo dé ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá mi, mo bá a lórí ìkúnlẹ̀. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ilé, fún ojú tó ṣì ń rí ihò abẹ́rẹ́, fún ọmọ tó mọ̀wé, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í yẹ̀. Ó dárúkọ ọwọ́ mi ní tààrà. Mo dúró níbẹ̀ títí ó fi ṣe àmín, mo bá a ṣe àmín, mo sì lọ sí yàrá mi. Ojo ni mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá jẹ́ akin, ẹ wá bá mi wí.

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, Pásítọ̀ wò mí nígbà tí mo wọlé, mo sì mi orí fún un pé n kò tíì sọ ọ́. Ó mí kanlẹ̀. Nígbà tí àsìkò ìkéde tó, ó na máìkì sí mi. Mo ní kí Búrọ̀dá Wáyà gbé ìwé ìyá mi sára ògiri. Ó gbé e. Inú àwọn ènìyàn dùn, wọ́n rò pé a fẹ́ tún dúpẹ́ ni.

Mo ní, "Ẹ wo ìwé yẹn. Ìfọwọ́sí tèmi ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Irọ́ ni ìwé náà."

Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní "Halelúyà!" nítorí bó ṣe mọ́ ọn lára. Kò sẹ́ni tó bá a gbè é.

Mo ń bá a lọ kí ọkàn mi má baà yí padà. Mo sọ nípa ìgò, mo sọ nípa báàgì, mo sọ aago méje àti aago méjì. Mo ní ṣúgà ìyá mi kò lọ síbì kankan; inú ìgò ni ẹ̀jẹ̀ ti jẹ ẹ́, níbi tí mo gbé e jù sí nígbà tí mò ń yẹ ìwé àwọn ẹlòmíì wò. Mo ní ìyá mi kò parọ́, Ọlọ́run kò sì parọ́, nítorí kò sẹ́ni tó bi í. Mo ní èmi ni. Mo sọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn níkẹyìn, ó sì pé mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kà á.

N kò wo ìyá mi títí mo fi sọ ọ́ tán. Nígbà tí mo wò ó, ó ti dìde. Ó rìn wá síwájú díẹ̀díẹ̀, ó di etí àga mú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kọ́kọ́ yíjú sí Búrọ̀dá Wáyà, ó ní, "Bá mi gbé e kúrò." Ògiri funfun padà. Lẹ́yìn náà ló gba máìkì lọ́wọ́ mi, kò gbà á tagbára, kò sì wò mí.

Ó ní, "Ẹ má bínú. Àtẹ́wọ́ tẹ́ ẹ pa fún mi lọ́jọ́sí, ẹ bá mi fún ẹlòmíì." Ó dá máìkì padà, ó sì lọ jókòó lápá kejì, níbi tí àwa kì í jókòó sí.

À ń padà sílé. Ilé oògùn tó wà nídìí títì ṣí, mo sọ̀kalẹ̀ ra irú oògùn rẹ̀, ó dúró dè mí níta pẹ̀lú báàgì rẹ̀ láyà. Nígbà tá a délé, ó jókòó sórí àga pálọ̀, kì í ṣe ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo gbé hóró oògùn kan sórí àwo kékeré, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Lọ́la, o máa mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ilé àyẹ̀wò míì ni wọ́n á ti gba ẹ̀jẹ̀ mi, kì í ṣe tìẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"O rò pé ìgbàgbọ́ ló mú mi dìde lọ́jọ́ yẹn." Kò pariwo. Ì bá sàn ká ní ó pariwo. "Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ní ọdún mẹ́sàn-án, báwo ló ṣe máa kàn dédé lọ? Mo wá wo ìwé yẹn, mo rí orúkọ ẹ. Mo ní ọmọ mi yìí kì í gba nǹkan kan gbọ́ láìrídìí. Tóun bá lè gbà á, ó ti dájú nìyẹn. Kì í ṣe Ọlọ́run ni mo gbà gbọ́. Ìwọ ni."

Mo ń sunkún. Mo ní, "Màmá, ẹ forí jì mí. Èmi náà fẹ́ kó jẹ́ òótọ́ ni."

"Mo mọ̀." Ó mú hóró oògùn náà nínú àwo, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó. "Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi bẹ Ọlọ́run. Kò dá mi lóhùn, mi ò sì fi í sílẹ̀. Ìwọ, ẹ̀ẹ̀kan péré lo dá mi lóhùn, irọ́ ni."

Ó dijú fún ìgbà díẹ̀. N kò gbọ́ ohun tó sọ. Nígbà tó lajú, èmi ló wò.

Ó ní, "Mi ò ní fi ìwọ náà sílẹ̀. Dìde, lọ gbé omi wá."